Ọpọ́n Tí Omi Ò Kàn

Ìyàwó gbé orógùn sókè, ohun tó wà nínú ìkòkò sì bá orógùn gòkè. Kò já. Ó fà gùn láti inú ìkòkò dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ga dé, ó sì rọ̀ síbẹ̀ bí àtè tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa fi ń mú ẹyẹ. Ó dá a padà, ó tún rò ó, ó da omi díẹ̀ sí i, ó fẹ́ iná.

"Akọ̀wé," ó pè mí láìwẹ̀yìn, "ẹ wá bá mi wò ó. Irú ògì wo ló ń ṣe báyìí?"

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú ọyẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Mo mọ wákàtí náà nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun Àsárì tán ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa, Bàbá sì ń ṣe àlùwàlá lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí wọn kò tíì lè lóṣòó nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í rìn láìsí ẹni tó dì wọ́n mú.

N kò ní dárúkọ àgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ìyá bàbá mi ni. Màmá ni mo ń pè wọ́n nígbà ayé wọn, Màmá náà ni màá máa pè wọ́n níhìn-ín. Àwọn òbí mi ń ṣòwò ní Àbíjàn bí ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ Màmá àti Bàbá, ọkọ wọn, kí n lè kàwé nílé. Màmá àti Bàbá fúnra wọn ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn lọ́hùn-ún kí wọ́n tó padà wálé. Ìyàwó ní tirẹ̀ jẹ́ aya àbúrò bàbá mi tó kéré jù. Mo ti wà nínú ilé kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un, bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ni mo ń pè é. Òun kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi, ó sì sọ mí ní Akọ̀wé torí pé ìwé kì í wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ohun tó wà lórí iná kì í ṣe ògì. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi ni, tí Màmá ti pò pọ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan títí ó fi ń hó fúnra rẹ̀ láìsí iná. Ìyá ìyẹ̀fun ni Màmá ń pè é. Bí wọ́n bá bu díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ìyẹ̀fun tuntun, a mú kí gbogbo rẹ̀ wú, a sì fún búrẹ́dì ní adùn kíkan díẹ̀. Wọn kì í ra yíìsì alápò tí àwọn oníbúrẹ́dì ìlú ń lò. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún ìyá ìyẹ̀fun ní ìyẹ̀fun àti omi, bí ẹni ń bọ́ ẹran ọ̀sìn. Wọ́n ní láti Àbíjàn ni àwọn ti gbé e wá, ní gbígbẹ, bí èépá tí wọ́n dì sínú aṣọ. Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn. N kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì nílé wa lásìkò náà. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé ni. Orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo gbọ́ tí àwọn èèyàn fún àìsàn náà, títí di òní n kò mọ èyí tó tọ̀nà. Ohun tí mo fi ojú rí ni pé ẹnu wọn kọ oúnjẹ. Wọ́n á fọwọ́ kan iyán tí wọ́n fi iṣu Ifẹ̀-Ọ̀dàn gún, wọ́n á ti àwo sẹ́yìn. Ìrẹsì ń há wọn lọ́fun. Búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, wọ́n ní òwú ni. Búrẹ́dì kíkan tí Màmá ń yan nìkan ló ń wọlé, bí a bá rẹ ẹ́ sínú tíì gbígbóná. Ilé búrẹ́dì ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn títí irun orí wọn fi funfun, mo sì rò pé ahọ́n wọn ló rántí ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn. Èyí tí kì í ṣe èrò ni ohun tí nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n sọ fún Màmá lójú mi, pé bí oúnjẹ kò bá máa wọlé, àwọn yóò dá Bàbá padà sí ilé ìwòsàn, òun kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, búrẹ́dì ti tán láti àná. Màmá ti da gbogbo ìyá ìyẹ̀fun sínú ìkòkò kan, wọ́n ti bọ́ ọ dáadáa kó lè pọ̀ sí i, wọ́n sì fẹ́ fi po búrẹ́dì ńlá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n sábà máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ìgò. Ṣùgbọ́n ìgò náà ti jábọ́ fọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọn kò sì tíì wá òmíràn. Wọ́n fi aṣọ bo ìkòkò ní igun ilé ìdáná, wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsúndùnrin láti lọ kí ẹni tó bímọ.

Màsífà ni wọ́n ti gbé Ìyàwó wá, ògì sì ni ìyá rẹ̀ ń tà níbẹ̀. Àárín ìkòkò ògì ló dàgbà sí. Bí ó bá fi imú kan ògì, ó lè sọ bóyá àná ni wọ́n lọ̀ ọ́ tàbí ìjẹta, a sì ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀rín, kò ṣì í. Nígbà tó gbọ́ pé Bàbá kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti òwúrọ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò tó wà ní igun, ó rí ohun funfun tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́, ó fi imú kàn án. Ó kan. Imú rẹ̀ kò parọ́ fún un. Ó ti ń rí Màmá tí wọ́n ń yan búrẹ́dì láti ìgbà tó ti dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ronú láti sọ fún un pé ìyẹ̀fun náà a máa kan bí ògì.

Ó bu ohun tó sè sínú àwo, ó fi ṣúgà sí i, ó gbé e lọ fún Bàbá lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá ki ṣíbí bọ̀ ọ́. Wọ́n gbé ṣíbí sókè, àwo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a gòkè.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ṣé ìfun mi ló já ni?"

"Rárá o, Bàbá. Kí ló dé?"

"Mo rò pé o fẹ́ bá mi lẹ̀ ẹ́ ni."

Mo rẹ́rìn-ín, Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá tọ́ ọ wò. Wọ́n dẹ́kun ẹ̀rín. Wọ́n wo ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n tún wo àwo.

"Àlìkámà ni," wọ́n ní. "Èyí tó wà ní igun?"

"Òun ni, Bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

Bàbá gbé ṣíbí kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Jẹ́ kí onílé dé."

Kò pẹ́ tí onílé fi dé. A gbọ́ ọ̀kadà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, a gbọ́ bàtà Màmá lórí yẹ̀pẹ̀. Wọn kò tíì wọlé tán tí wọ́n fi dúró. Òórùn ìyẹ̀fun sísè kò fara sin, pàápàá nínú ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ.

"Ta ló se ìyẹ̀fun?"

Ìyàwó ti wà lórí eékún. "Èmi ni, Màmá. Mo ṣe bí ògì ni. Ẹ má bínú. Bàbá ò tíì jẹun, mo ní kí n..."

Màmá jókòó lórí àpótí. Wọ́n tú gèlè, wọ́n fi nu eruku ojú. Mo rò pé wọ́n máa pariwo, torí ohun tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ìbá ṣe nìyẹn. Wọn kò pariwo. Ìbéèrè ni wọ́n ń bi í.

"Ṣé o ṣẹ́ díẹ̀ kù?"

"Rárá, mà."

"Ara ìkòkò ńkọ́? Èyí tó lẹ̀ mọ́ ọn?"

"Mo fi omi ṣàn án, mo dà á mọ́ ọn, kó má baà ṣòfò."

Bàbá dá sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni. Ibi tó ti burú gan-an nìyẹn."

"Bàbá, ẹ dákẹ́ ná," Màmá ní. Ojú wọn ti kúrò lára ìkòkò, ó ti lọ sí ara ògiri, níbi tí ọpọ́n ìpòyẹ̀fun wọn fẹ̀yìn tì. "Ọpọ́n ńkọ́? Ṣé o ti fọ̀ ọ́?"

"Mo fẹ́ fọ̀ ọ́, Màmá. Ó dọ̀tí. Mo ti mú kànrìnkàn àti ọṣẹ, omi ló tán. Kànga ti lọ sílẹ̀. Mo ní kí n pọn ọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́."

"Omi ò kàn án?"

"Omi ò kàn án, mà."

Màmá tú èémí tí mo rò pé wọ́n ti di mú láti ẹnu ọ̀nà. "Alihamudulilahi," wọ́n ní. "Gbé e wá síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà."

Igi ni ọpọ́n náà, ó gùn, ó jìn díẹ̀ láàárín, ó sì ti dúdú létí. Màmá kì í fi omi fọ̀ ọ́ láé. Bí wọ́n bá po ìyẹ̀fun tán, wọ́n á mú ike pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gé lára kẹ́ẹ̀gì òróró, wọ́n á fi họ inú ọpọ́n, kàrà, kàrà, kàrà. Ìró yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ohun tí ike bá fi sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ àti nínú ojú igi, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò wa máa ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Màmá Àbíjàn kò fọ abọ́. Mo ti gbọ́ ọ, n kò sì mọ ohun tí mo lè fi gbè wọ́n.

Nísinsìnyí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ike náà wá gbogbo kọ̀rọ̀ ọpọ́n, torí ìyá ìyẹ̀fun lè wà láàyè nínú èépá gbígbẹ bí èyí tó ti Àbíjàn wá. Níbi tí ike kò lè wọ̀, wọ́n mú abẹfẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń la orí búrẹ́dì, wọ́n fi ṣóńṣó rẹ̀ tú u. Èépá tó jáde dà bí èépá ojú egbò, ó gbẹ, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì kún àtẹ́lẹ́wọ́ mi. Wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìdí ṣíbí. Wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ṣẹ́ kù nínú kẹ́tù àlùwàlá Bàbá lé e, omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi kan ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ wẹ ọmọ, wọ́n sì fi ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i.

Ó ku ohun tí wọ́n máa dà á sí. Ìyàwó sáré wọ yàrá, ó mú ìgò kan jáde tó ti nù mọ́. Màmá fi imú kàn án.

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ìpara ni, Màmá. Mo ti kó o sínú ọ̀rá."

"Ṣé o fẹ́ kí Bàbá máa ta sánsán ni?"

Ìyẹn ni ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Màmá ti dé. Ife onígíláàsì tí Bàbá fi ń mu tíì ni a lò. Màmá ní ohun tí a ń bọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ojú lè rí inú rẹ̀. Wọ́n so rọ́bà tí àwọn oníṣòwò fi ń di owó mọ́ ara ife náà, ní ibi tí ìyẹ̀fun ga dé gan-an, kí a lè mọ̀ bó bá wú, láìsí àríyànjiyàn. Wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sí ìdí àdògán, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dúró pẹ́ láìjóná.

Mo jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ wo rọ́bà kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó yí padà. Ìyẹ̀fun jókòó sí ibi tó wà, omi ràwọ̀ràwọ̀ kan sì wà lójú rẹ̀. Màmá da apá kan nù, wọ́n fún èyí tó kù ní oúnjẹ tuntun. "Dúsúmáà," wọ́n ní. Èdè tí wọ́n kó bọ̀ láti Àbíjàn ni, ó túmọ̀ sí jẹ́jẹ́. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ti kú. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Mo rántí ìdáhùn yẹn dáadáa, torí pé n kò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà kan sọ ọ́ fún ọmọdé rí.

Bàbá mu ṣíbí ògì méjì, ojúlówó ògì lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Nọ́ọ̀sì dé, ó fa awọ ọwọ́ wọn sókè, ó wò ó bó ṣe ń padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun yóò tún padà wá, àti pé bí kò bá sí àyípadà, kí a pe ọkọ̀ sílẹ̀.

Ìyàwó gbé korobá lọ sídìí kànga. Ó pọn omi títí gbogbo ohun tó lè gba omi nílé wa fi kún, bí ẹni pé omi ni a ń wá. Ní ọ̀sán, mo rí i tó ń di ẹrù. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní Màsífà. Mo wo inú báàgì náà. Èèyàn kì í kó gbogbo aṣọ rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀. Mo lọ sọ fún Màmá.

Màmá kò lọ bẹ̀ ẹ́, wọn kò sì bá a wí. Wọ́n kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ife náà lọ́wọ́.

"Imú tèmi ti ń gbó," wọ́n ní. "Èéfín ti bà á jẹ́. Ìwọ lo ní imú ògì. Wá bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ìyàwó wò wọ́n bí ẹni tó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ife. Ó pa ojú dé.

"Ìyẹ̀fun tútù ni, Màmá. Kò tíì kan."

"Ó dáa. Mo fẹ́ kí o bá mi gbọ́ ọ ní àárọ̀, kí o tún gbọ́ ọ ní alẹ́. Bó bá yí padà, ìwọ ni kí o sọ fún mi."

Báàgì náà wà lórí ibùsùn, kò kúrò níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyàwó ní òórùn náà dà bí ti ewé tó rẹ sínú omi. Màmá ní ìyẹn kò burú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ife sí imú, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Mo ń wo ojú rẹ̀.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ó ti fẹ́ máa kan. Ó kan bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́."

Mo wo rọ́bà. Ìyẹ̀fun kò tíì kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò kéékèèké mélòó kan hàn nínú rẹ̀ láti ara ife, bí ojú abẹ́rẹ́. Bó ṣe di ọ̀sán, ó ti ga ju rọ́bà lọ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ife. Màmá bu omi sínú abọ́ tánganran, wọ́n fi ṣíbí ju ẹ̀kán kan sí i. Ó rì. Màmá ní bí kò bá tíì léfòó, kò tíì lè gbé búrẹ́dì. Wọ́n tún bọ́ ọ, a tún dúró. Nígbà tí wọ́n ju òmíràn sínú omi ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó ronú, ó gòkè, ó léfòó.

Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ tó ń kọjá lọ bi í pé kí ló dé. Ó ní ara tu òun ni.

Kò sí ààrò búrẹ́dì nílé wa. Ìkòkò irin kan tó nípọn, tó sì ní ìdérí tó wúwo, ni Màmá ń lò. Wọ́n po ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti ìyá ìyẹ̀fun nínú ọpọ́n, wọ́n ń nà án, wọ́n ń ká a, wọ́n ń jẹ́ kó sinmi láàárín. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi wọn ìyẹ̀fun, agolo kan náà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n fi aṣọ àpò ìyẹ̀fun tẹ́ inú agbọ̀n kékeré kan, wọ́n gbé e sínú rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n fi iná gbóná ìkòkò, wọ́n yí ìyẹ̀fun lu sínú rẹ̀, wọ́n fi abẹfẹ́lẹ́ la orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n dé e, wọ́n sì kó ẹyin iná lé orí ìdérí. Òórùn náà kọ́kọ́ jọ ti àgbàdo sísun, lẹ́yìn náà kò jọ nǹkan mìíràn mọ́ àyàfi ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi ìka kan ìdí rẹ̀ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dún bí ohun tó ṣófo. Wọ́n gbé e sórí àtẹ, a sì ń gbọ́ èèpo rẹ̀ tó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bó ṣe ń tutù. Màmá kò jẹ́ kí a gé e. Wọ́n ní bí a bá gé e ní gbígbóná, inú rẹ̀ yóò lẹ̀ pọ̀.

Ọdún tó ti kọjá láti ìgbà náà ti pọ̀. Mo ti kàwé gboyè, mo ti sin ilẹ̀ baba mi, yàrá kan tí mo gbà ní Ẹ̀jìgbò níbí ni mo ti ń yan búrẹ́dì kíkan fún ara mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ máa ń bi mí pé kí ni àwọn máa rà, wọ́n á sì fi àwòrán nǹkan tí wọ́n rí lórí fóònù hàn mí, agbọ̀n àkànṣe, ọ̀bẹ àkànṣe, irin tí ń sọ bí ìyẹ̀fun ṣe gbóná tó. Mo máa ń ṣọ́ra kí n má sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Mo ra òṣùwọ̀n kékeré kan, ó sì wúlò, torí agolo tèmi kò gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́ bí ti Màmá ṣe gbọ́ sí wọn lọ́wọ́. N kò tíì rí ohun tí agbọ̀n àkànṣe ṣe tí agbọ̀n ọjà àti aṣọ mímọ́ kò lè ṣe. Ìkòkò tó nípọn tó ní ìdérí, ìyẹn kò ṣe é fi nǹkan rọ́pò. Ike ìhọpọ́n náà rí bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí èèyàn fi owó rà á nígbà tí kẹ́ẹ̀gì wà nílé. Rọ́bà àti ife tí ojú lè rí inú rẹ̀ kò wọ́n. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ìyá ìyẹ̀fun sí ibi ọ̀tọ̀ méjì, kí wọ́n má sì tètè da ohun tó dákẹ́ nù.

Ohun tí mo ń gbé kiri lára Màmá kò ju ìyẹn lọ, bóyá. Nínú iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí, àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí n sọ kíákíá pé nǹkan ti bàjẹ́ tàbí pé kò bàjẹ́. Mo ti kọ́ láti sọ pé n kò mọ̀, kí n sì bọ́ ọ, kí n dúró. Mo tún máa ń wá ẹni tó ṣi nǹkan náà ṣe, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló ní imú tí a nílò.

Àwọn nǹkan kan wà tí n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo ti kà á pé ohun tó ń mú ìyẹ̀fun wú lè wá láti inú ìyẹ̀fun tuntun fúnra rẹ̀, nítorí náà n kò lè búra pé ti Àbíjàn ló jí nínú ife yẹn, kì í ṣe òmíràn tó wọlé lójú ọ̀nà. N kò lè sọ pé ọgbọ́n Màmá nìkan ló yọ wá, nígbà tó jẹ́ pé kànga tó lọ sílẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Bàbá tún lo ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì ń jẹ iyán, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn pẹ̀lú, n kò sì ní òṣùwọ̀n tí mo lè fi ya búrẹ́dì kúrò lára oògùn.

Èyí tí mo rí ni mo lè sọ. Nígbà tí búrẹ́dì tutù, Màmá gbé ọ̀bẹ fún Ìyàwó pé kó gé e. Ó gé e. Mo gbé e lọ fún Bàbá pẹ̀lú tíì nínú ife mìíràn, mo fi sílẹ̀ níwájú wọn, mo padà sí ilé ìdáná, torí Màmá ní kí a má dúró tì wọ́n bí ọlọ́pàá. Àwa mẹ́ta jókòó, a ń dibọ́n pé à ń ṣa ẹ̀wà. A gbọ́ ṣíbí lára ife. A gbọ́ èèpo búrẹ́dì lábẹ́ eyín. Lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan, Ìyàwó sì dẹ́kun ẹ̀wà ṣíṣà.

Ìgbà náà ni òjìji kan bo ẹnu ọ̀nà. Bàbá ni, wọ́n fi ọwọ́ kan gbá ògiri mú, àwo wà lọ́wọ́ kejì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ìyàwó," wọ́n ní, "ṣé ó kù?"

Mo wo ẹ̀yìn wọn, mo tún wò ó dáadáa. Kò sí ẹni tó mú wọn wá.